Ìkótí Àwẹ̀ró

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣebí wọ́n pa òwe yìí fún Láṣebìkan, ó kọ etí dídi sí i.

Lọ́jọ́ tí bàbá yìí fẹ́ lọ sọ fún Àwẹ̀ró onídìrí pé kó wá fẹ́ òun, ó tún kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò àtijọ́ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Irin tín-ín-rín tó so pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ wáyà bọ́ sọnù. "Kí ni ti bíńtín yìí?" Ó fi okùn so ó, ó wọ agbádá, ó gbéra.

Iwájú ilé Àwẹ̀ró ló ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ni okùn bá já! Mọ́tò ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́, ó kó aṣọ tí Àwẹ̀ró sá, ó fi wé gèlè, ó sì kú sórí ebè ẹ̀gẹ́.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ṣé èmi lẹ wá wò ni, àbí ìró mi lẹ wá jí?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Láṣebìkan há sórí fò lọ. "Irin kékeré kan ló sọnù," ló rí sọ.

Àwẹ̀ró fa ìkótí onírin yọ nínú irun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tì í bọ ihò pẹ́dà, ó tẹ ẹnu rẹ̀ kọdọrọ. Kílọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin.

"O ṣeun o," ni Láṣebìkan wí. "Mà á dá a padà lọ́la."

"Ta ló fún yín? Ìkótí mi kì í dá jáde nílé. Ẹ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi, ibi tó bá ń lọ la jọ ń lọ."