Ìwé Ẹ̀rí Tí Láníhùn Gbé Lọ sí Ìlú Ìmọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ sún mọ́ mi, ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ. Lóòótọ́, ìfura ni oògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù a máa pa aláìsàn.

Olùwádìí kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìṣe ikán bí ẹni pé inú ògiri ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínpẹ̀lú, àgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà parí, ebi sì ń yọjú. Ó wá gbọ́ pé àyè olùwádìí kan ṣoṣo ṣófo ní Ìlú Ìmọ̀, lẹ́yìn Igbó Àìdánilójú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀ láìmú ìwé ẹ̀rí dání, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Baba náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Lọ kọ ọ́ wá fúnra rẹ, màá fọwọ́ sí i."

Àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkàn Láníhùn kò balẹ̀. Ó ní pàkúté ni, pé baba fẹ́ mọ̀ bóyá agbéraga ni òun. Ó pa gbogbo ìyìn tó ti kọ rẹ́, ó kọ pé, "Ọmọ náà ń gbìyànjú." Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i láìkà á.

Láníhùn wọ igbó. Ó la odò tí ń béèrè iye ìwé tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde kọjá, ó sá fún àwọn iwin arẹwà tí ń ṣèlérí iṣẹ́ tí kò sí, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Olójú-Méje, iwin aṣọ́bodè Ìlú Ìmọ̀, tí ojú mẹ́fà rẹ̀ ń ka ìwé, tí ìkeje ń wo ẹni tó mú un wá. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ nípa ikán ni Láníhùn dáhùn. Lẹ́yìn náà ni iwin náà ka ìwé ẹ̀rí.

"Ẹnu rẹ ní o mọ̀ ọ́n, ọ̀gá rẹ ní o ń gbìyànjú. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Bí ó bá ní irọ́ ni, ó sọ ọ̀gá rẹ̀ di òpùrọ́. Bí ó bá ní òun lòun kọ ọ́, àwọn méjèèjì tẹ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní kí ó gba ọ̀gá òun gbọ́. Iwin náà ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó délé tó ròyìn, ẹnu ya ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Kí ló dé tí o kò kọ òtítọ́? Ìwọ lo dára jù nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, sà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àíkàrágbá, ayé á bá a fi kó ilẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yin ọmọ yín sí etí rẹ̀, kí ó tó di pé àjèjì bi í léèrè lẹ́nu ibodè pé ta ni ó jẹ́.