Igbó Àṣàmú àti Àgbò Iléyá

Ìyá Rámọ́tù onígàrí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi pé Ọ̀gá Sùnmọ́nù tó ń ta igbó mímu, ahun tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, ti gba èyí tí Àṣàmú gbìn sẹ́yìnkùlé, ó wá ní kò lágbára. Nígbà tí Àṣàmú wá gbowó, Sùnmọ́nù ní, “Fi agbára rẹ̀ hàn mí nínú ilé mi níbí kí n tó sanwó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún.” Àṣàmú ní, “Ó dáa, ọ̀gá.” Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e síwájú àgbò Iléyá tí ọ̀gá so mọ́lẹ̀. Sùnmọ́nù fò dìde: “Gbé e kúrò! Ṣé o fẹ́ kí àgbò mi ya wèrè ni?” Àṣàmú ní, “Ewé tí ẹ ní kò lágbára yìí náà, ọ̀gá?” Àwọn tó wá rajà lọ́wọ́ Sùnmọ́nù bú sẹ́rìn-ín. Sùnmọ́nù ki ọwọ́ bọ àpò, ó san owó Àṣàmú pé.