Omi Ẹsẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn ẹyẹ. Bí ó bá di ojú, ó lè mọ ohùn ẹ̀gà yàtọ̀ sí ti ìbákà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, olùkọ́ rẹ̀ sì rán an lọ sí ìletò kan láti bá àwọn tí ń sin ẹyẹ sọ̀rọ̀, kí ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń dènà lùkúlùkú, àrùn tí ń pa adìẹ lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ó sì lè ran ènìyàn pẹ̀lú. Ó mú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ìbéèrè méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ìkeje ni pé: ṣé àwọn àlejò máa ń fọ ẹsẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ bàtà kí wọ́n tó wọ ibi tí ẹyẹ wà?

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó ní adìẹ púpọ̀. Ó bu omi tútù fún àlejò rẹ̀ mu, ó sì mú un wọ inú ilé adìẹ lọ. Kíákíá ni ó ń dáhùn. Àìsàn? Kò sí. Òkú adìẹ? Kò sí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà rí àgbébọ̀ pupa kan lẹ́yìn abọ́ omi, tí ó ká orí sínú ìyẹ́, tí ojú rẹ̀ sì wú díẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gbé e mọ́ àyà, ó fi ìka kán omi sí i lẹ́nu.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni ọkùnrin náà wí, ilẹ̀ ni ó sì ń wò. "Ọ̀lẹ ni."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ "kò sí" sínú ìwé rẹ̀, ó dágbére.

Ní ilé kejì, ó bá abiyamọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ogún òròmọdìẹ. Inú páálí ni wọ́n wà. Kò sin ohunkóhun rí, ó sì ti fún gbogbo wọn lórúkọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ti ọbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé méjì nínú wọn, ó fi wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó dúró ti páálí náà, ó ka ìbéèrè ìkeje.

"Rárá o, bọ̀dá," ni abiyamọ náà wí. "Ta ni yóò sọ fún àlejò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí? Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò ní àdúgbò ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ilé kẹta jẹ́ ti ìyá àgbà kan tí ń sin ẹyẹlé. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà bàbà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà bu omi fún un, ó mu. Ó tún wọlé, ó gbé abọ́ kejì jáde, omi ọṣẹ ló wà nínú ìyẹn. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi sílípáàsì kan tì í.

"Bọ́ bàtà rẹ, ọmọ mi."

Ojú tì í, nítorí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu. "Ẹ má ṣe wàhálà, mà. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀."

"Àrùn náà kì í pẹ́ kó tó wọlé."

Ìyá náà na ọwọ́, ó sì yọ ìyẹ́ pupa kékeré kan tí ó há sí bọ́tìnnì ẹ̀wù akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó gbé e sókè. "Èyí kì í ṣe ti ẹyẹlé. Ilé ta lo ti ń bọ̀?"

Ìyá náà padà sídìí ọkà rẹ̀.

"Ní ìgbà ọyẹ́ kan," ó ní, "ọ̀rẹ́ ọkọ mi wá kí mi láti ilé adìẹ tirẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ojú tì mí láti ní kó fọ ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti gbá ẹyẹlé mọ́kàndínlógójì jáde. Ọkọ mi ló fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Méjì ló kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ títí di òní, n kò sì ní sọ fún un."

Lórí òrùlé, ẹyẹlé méje tò, èyí tó kángun fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wò wọ́n, ó sì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ka ìbéèrè ìkeje ní ilé méjì. Kò bi ara rẹ̀ rí.

Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó fi igi ha ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ìyá náà yá a ní bùbá ọkọ rẹ̀ tí ó ti ṣá.

"Mà," ó ní, "mo ti gbé òròmọdìẹ ẹni ẹlẹ́ni."

"Lọ sọ fún un."

"Ojú ń tì mí."

"Mo mọ̀. Ojú ti èmi náà rí."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí ilé kejì. Ẹ̀yìn ọgbà ni ó dúró sí, ó sì sọ fún abiyamọ náà. Ìyẹn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Àwọn wo lẹ gbé?" Ó júwe wọn fún un: èyí tí orí rẹ̀ dúdú, àti èyí tí èékánná rẹ̀ kan ṣẹ́. Abiyamọ náà fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ó kó méjèèjì sínú agbọ̀n kan lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ká ní ẹ dákẹ́ ni," ó ní, "mi ò bá tí mọ̀."

Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ bá ọkùnrin ilé àkọ́kọ́. Kò wọlé. Ó sọ bí òun ṣe gbé adìẹ rẹ̀ mọ́ àyà tí òun sì gba ibẹ̀ lọ sídìí òròmọdìẹ ẹlòmíràn. "Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Mi ò bi ara mi ní ohun tí mò ń bi yín."

"Mú bírò rẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Mẹ́sàn-án ló ti kú láti ọjọ́ Ajé. Mo sin wọ́n sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí ìjọba bá gbọ́, wọn yóò pa ìyókù."

Àwọn méjèèjì ló jọ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Òótọ́ ni, wọ́n pa ìyókù, ọkùnrin náà sì sunkún. Òròmọdìẹ tí orí rẹ̀ dúdú kú sínú agbọ̀n. Mọ́kàndínlógún yè. Àrùn náà kò dé òrùlé ìyá ẹlẹ́yẹlé.

Nígbà tí oṣù kan kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wá. Abọ́ omi ọṣẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà abiyamọ náà. "Ẹ bọ́ bàtà yín, bọ̀dá," ó ní. Ó bọ́ ọ. Ó ti rán ihò ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn àwọn tí ẹ ń tọ́ sọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí náà fẹ́ràn ẹyẹ, àyà tí ó fi fẹ́ràn wọn ni ìyẹ́ àìsàn há sí. Bí ọmọ yín, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé, bá dá yín lóhùn lónìí pé "kò sí" nígbà tí ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe é, ẹ má tíì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiyín, ibi tí bàtà yín ti ń bọ̀.