Ilé Tí Ọmọ Kì Í Ráhùn

Obìnrin kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn àgbààgbà ìlú rẹ̀ pè é, wọ́n ní kí ó wá ṣe olórí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà kò mọ òbí wọn rí. Àwọn mìíràn ní òbí, ṣùgbọ́n àìsàn tàbí ìṣẹ́ kò jẹ́ kí òbí náà lè tọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìlú ni ilé náà wà. Nígbà tí obìnrin yìí dé ibẹ̀, ẹ̀gbin ló bá. Ewéko ti bo ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ara wọn bí adìẹ tí wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ fún.

Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fọ ilé, ó fọ ọmọ. Ó rán aṣọ búlúù fún gbogbo wọn. Ó ṣètò ìgbà jíjẹ àti ìgbà sísùn. Kò na ọmọ, kò sì fi ebi pa ọmọ. Fi èyí sọ́kàn, nítorí ìtàn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìtàn ìkà ènìyàn.

Ohun tí àwọn olóore bá gbé wá ni ilé náà ń jẹ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá: ẹgbẹ́ ìjọ, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹni tó ń ṣe ìrántí òkú rẹ̀. Wọ́n á kó ìrẹsì, ọṣẹ àti bísíkíìtì wá, wọ́n á sì ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ. Obìnrin náà rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri yàrá ìjẹun. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìdúpẹ́. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á tò, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì kọrin. Bí àlejò bá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe wà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni: "A dúpẹ́ mà," tàbí "A dúpẹ́ sà." Bí ọmọ kan bá ṣèèṣì sọ pé òun fẹ́ bàtà, tàbí pé ọbẹ̀ àná ta jù, obìnrin náà á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ọmọ dáadáa kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí olóore. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn wọ̀ wọ́n lára ju ẹgba lọ. Kò pẹ́ tí ìdáhùn náà fi kúrò ní ti àlejò, tó di ti ojoojúmọ́.

Òkìkí ilé náà kàn. Alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o máa ń fi obìnrin náà ṣàwàdà níwájú àlejò.

"Ìyá, idán wo lẹ pa? Àwọn ọmọ tèmi nílé, bí ẹran ò bá ti tóbi, ogun dé nìyẹn. Ẹ yá mi ní díẹ̀ nínú tiyín, kí n kó tèmi wá fún un yín."

"A ò gba pàṣípààrọ̀, alága," ni obìnrin náà máa ń dá a lóhùn, gbogbo ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ a máa dùn. Ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ń yẹ òun.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Fadérera. Òun ló máa ń lé orin fún àwọn ìyókù, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ní Sátidé kan, àwọn olóore kan gbọ́ ohùn yìí, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ náà wá kọrin ní ìsìn ìdúpẹ́ àwọn lọ́jọ́ kejì. Obìnrin náà mú un lọ sí ilé ara rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé náà, kí wọ́n lè di irun rẹ̀, kí wọ́n sì wá aṣọ fún un.

Ó bá ọmọbìnrin tirẹ̀ nílé, èyí tó ti lọ́kọ, tó wá kí i, pẹ̀lú ọmọọmọ rẹ̀, tí òun àti Fadérera jọ ga bákan náà. Ọmọọmọ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ di irun fún. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti figbe ta.

"Ìyá àgbà, ẹ wo màmá mi o. Wọ́n fẹ́ ṣí agbárí mi kúrò."

"Jókòó jẹ́ẹ́, aláròyé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kóòmù kò tíì kàn ọ́."

Nígbà tó kan Fadérera, kóòmù ń fà á lórí síwá sẹ́yìn, kò gbin. Obìnrin náà nàka sí i fún ọmọọmọ rẹ̀.

"Wo ẹgbẹ́ rẹ. Ṣé o gbọ́ ariwo lẹ́nu tirẹ̀?"

"Bóyá igi ni wọ́n fi gbẹ́ orí tiẹ̀," ni ọmọ náà wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fadérera náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn irun, ìyá aláròyé náà ní kí Fadérera bọ́ aṣọ búlúù rẹ̀, kí òun wọ gáùn kan fún un wò. Ọmọ náà ṣí bọ́tìnnì, ó sì dúró. Aṣọ kò kúrò lára rẹ̀. Ìyá aláròyé rò pé ó há ni, ó fà á. Òórùn kan jáde. Ó tún wò ó, ó sì pe ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Mọ́mì, ẹ wá."

Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi rin ín títí tó fi gbà. Láti èjìká ọmọ náà dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀, awọ ti ṣí, egbò ti kẹ̀, ọyún ń jáde. Obìnrin náà ti rí egbò ọmọdé púpọ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ̀kọ gbígbóná ló dà sí mi lára mà."

"Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ mà."

"Ṣé kò dùn ẹ́ ni?"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó mọ̀ dájú. Ó kúnlẹ̀.

"A dúpẹ́ mà."

Ọmọọmọ aláròyé náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Obìnrin náà tún béèrè: "Mo ní, ṣé kò dùn ẹ́?" Ọmọ náà rò pé ìdáhùn òun kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé ojú sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin ìdúpẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo egbò náà, ó sì wo obìnrin náà.

"Ìyá, ta ló ni ọmọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀ ń wò ó títí ó fi rí báyìí?"

Òótọ́ ni pé ó ń wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, níwájú àwọn àlejò, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọmọ náà síwájú ní èjìká, kí ó lè jáde wá lé orin. Orí egbò yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ lé. Ọmọ náà kò tilẹ̀ yẹra. Ó rìn síwájú, ó sì ń kọrin. Dókítà sọ pé kòkòrò àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀, pé àwọn yóò ṣe ohun tí àwọn lè ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣe ìlérí.

Obìnrin náà fi ọmọbìnrin rẹ̀ ti aláìsàn náà, ó sì padà sí ilé ìtọ́jú ọmọ. Ó pe alásè.

"Mo rí i nígbà tí ẹ̀kọ náà dà mà," ni alásè wí. "Mo bi í pé ṣé ó jó o. Ó ní a dúpẹ́. Mo wá ní kó lọ mú àkísà wá nu ilẹ̀."

"O ò wo ara rẹ̀?"

"Ó sáà ní a dúpẹ́ mà."

Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà mọ̀ pé Fadérera ti ń dojú bolẹ̀ sùn. Kò sí èyí tó sọ. Ta ni kí wọ́n sọ ọ́ fún? Obìnrin náà ní kí wọ́n yẹ ara gbogbo ọmọ tó wà nílé náà wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí ọmọ tí eyín ti jẹrà sí lẹ́nu, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ó sanra. Wọ́n rí èyí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún. Wọ́n rí ọmọ kékeré kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n inú yàrá ti ń gbá lórí nítorí pé ó ń tọ̀ sílé, orí rẹ̀ le gbandi níbi tí wọ́n ti ń gbá a. Gbogbo wọn ló ti dúpẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ohùn ara rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ látọjọ́ yìí, tó ń pè é ní àlàáfíà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kò fi ọwọ́ tirẹ̀ pa mọ́ nínú rẹ̀. Alága kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Ìyá, ẹ rọra. Ọmọ á gbádùn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìta, ta ni yóò tún gbé ìrẹsì wá fún wa?"

"Alága, bó bá jẹ́ ọmọ yín ni ńkọ́?"

"Ọmọ tèmi á ti pariwo," ni alága wí.

Alága gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó gbójú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ni obìnrin náà béèrè pé kí títò fún àlejò parí. Ó ní kí wọ́n pín àwọn ọmọ sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní ẹni tó mọ ara rẹ̀, tó mọ ẹkún rẹ̀. Ó ní kí ẹnì kan máa ti ìta wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi tí òun fúnra òun kò sí. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú kúrò. Àlejò dín kù. Obìnrin náà gbéra lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n ní kó lọ, kó padà wá. Ó lọ, ó sì padà wá, ó tún padà wá, títí tí wọ́n fi rán òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ lé e láti máa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti àárín ìlú, níbi tí àwọn kan ti ń sọ pé arúgbó yìí ń ba ilé tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe jẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà ni ibùsùn ilé ìwòsàn. Ojoojúmọ́ ni ó ń sọ fún Fadérera pé, "Bó bá dùn ẹ́, sọ." Ọmọ náà á wo ojú rẹ̀, á máa wá èsì tí ìyá fẹ́ gbọ́. Wọ́n á tú báńdéèjì, wọ́n á fọ egbò, kò ní í gbin. Ibà náà kò sì lọ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fa báńdéèjì kan tó lẹ̀. Ọmọ náà kígbe. "Ó ń dùn mí! Ẹ fi mí sílẹ̀!" Ó ta abọ́ omi oògùn nípàá, omi náà sì dà sí aṣọ funfun nọ́ọ̀sì.

"Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ìyá, ẹ bá a wí," ni ẹni tó wà ní ibùsùn kejì sọ.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Tún un sọ." Ọmọ náà tún un sọ. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí tí àwọn tó wà níta fi wá yọjú lójú fèrèsé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà sùn lọ lórí àga láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà dé ibẹ̀.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, wọ́n ti fi ọmọ ọlọ́mọ sí ìkáwọ́ rẹ. O ń sọ fún wa pé ilé rẹ tòrò, pé àwọn ọmọ ibẹ̀ níwà. Mi ò bá ọ jiyàn. Lọ sílé, wá èyí tí ẹnu rẹ̀ dùn jù nínú wọn, kí o jókòó tì í. Má dìde títí tí yóò fi rí ẹ̀sùn kan tí yóò fi kàn ọ́ lójú ara rẹ. Bó bá sì sọ ọ́, má kọ́ ọ ní bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Gbé omi kaná fún egbò rẹ̀.