Abẹ́rẹ́ Ga, Inú Kéré

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tọ́jú àwọn sìlíńdà ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Àṣà tirẹ̀ ni pé bí ó bá ti wo abẹ́rẹ́ mítà tó wà lórí sìlíńdà, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára: "Ó kún," tàbí "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." Kì í wádìí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé obìnrin kan tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá wó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìgboro, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Bí ọ́síjìn bá tán lójú ọ̀nà, ó parí fún un nìyẹn. Sìlíńdà méjì péré ló wà nílẹ̀. Èyí ńlá wà lábẹ́ òrùlé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gòkè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí kékeré dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ga fíofío. Ọkùnrin wa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán" sára èyí ńlá, ó kọ "Ó kún" sára èyí kékeré, ó gbé e sọ́kọ̀, òun náà sì bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá yóò gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ní abẹ́rẹ́ kì í purọ́.

Wọn kò tí ì rìn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí abẹ́rẹ́ fi wálẹ̀ kọjá ìdajì. Ọkùnrin wa fi ìka kan gíláàsì mítà náà, abẹ́rẹ́ kò gòkè. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tún wò ó. Ọkọ aláìsàn, tó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, kò wo mítà rárá. Ojú ọkùnrin wa ló ń wò, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

Nọ́ọ̀sì yọ bírò, ó ń ṣírò sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bọ̀dá," ó ní, "abẹ́rẹ́ ò purọ́, ẹ̀yin lẹ ò bi í tán. Bí gáàsì ṣe ń tì nínú ibẹ̀ nìkan ló sọ fún yín. Kò sọ bí inú ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Kò sì sọ pé oòrùn wà lára ohun tó ń gbé òun sókè."

Inú sìlíńdà náà kò ju lítà méjì lọ. Nọ́ọ̀sì fi títóbi rẹ̀ sọ iye tí abẹ́rẹ́ kà lọ́sàn-án di púpọ̀, ó yọ ti ooru kúrò. Gbogbo ọ́síjìn tí wọ́n gbé kúrò nílé kò ju ọ̀tàlénígba lítà lọ. Aláìsàn ń fa lítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kò lè tó wákàtí kan.

Wọ́n yí padà. Nọ́ọ̀sì dín in kù sí lítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, obìnrin náà sì ń mí gúlegúle títí wọ́n fi délé. Ọkùnrin náà sáré lọ yí sìlíńdà ńlá jáde fúnra rẹ̀. Egbèje lítà ló wà nínú èyí tó pè ní ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Obìnrin náà dé ìgboro láàyè, ṣùgbọ́n mímí rẹ̀ lójú ọ̀nà àbọ̀ yẹn kò kúrò létí ọkùnrin náà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Lánàá, níwájú èrò, nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí ara rẹ ti gbóná, o dìde, o ní ìwọ nìkan yóò tọ́ ọmọ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú fi sílẹ̀. Àbúrò rẹ tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, o ní kò ní nǹkan kan nínú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ọmọ yẹn yóò fi gbára lé ọ. Lọ jókòó níbi tó tutù, kí o sì wọn inú ara rẹ. Bí kò bá tó, lọ kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ lónìí, kí àwọn ọmọ náà tó wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ.