Mọ́tò Tó Gba Ojú Omi
Ọwọ́ Olóyè Akínṣìkù ni àṣẹ ojú ọ̀nà àti ojú ọ̀sà wà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Adétutù mẹkáníìkì sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó pè é lẹ́jọ́ sílé Baálẹ̀ lódìkejì ọ̀sà, ó ní, "Bí o ò bá dé kí ọ̀sán tó pọ́n, ilẹ̀ di tèmi. Mọ́tò rẹ ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà mi, ọkọ̀ ojú omi rẹ ò gbọdọ̀ gba ọ̀sà mi." "Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Adétutù wí. Ó lọ sídìí ògbólógbòó ọkọ̀ onítáyà mẹ́fà kan, irú èyí tó ń rìn nílẹ̀ tó sì ń léfòó lómi, tí àwọn tó wá wọn ilẹ̀ pa tì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ha èédú inú ihò èéfín rẹ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fi ọ̀dà dí ibi tó lu lábẹ́, ó sì po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń mu ún. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi wọ ọgbà Baálẹ̀, tómi ń ro lára táyà. Olóyè fò dìde: "Ó rú òfin mi!" Adétutù kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, lórí ilẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà; lójú ọ̀sà, inú mọ́tò ni mo wà. Òfin Olóyè ò ka ìkankan nínú méjèèjì léèwọ̀." Baálẹ̀ rìn yí ọkọ̀ náà po, ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ rẹ ni. Ǹjẹ́ ó lè gba ẹnì kejì?" Olóyè ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí Baálẹ̀ àti Adétutù ti ń léfòó lọ láàárín ọ̀sà.