Ọjọ́ Kan Lórí Ọ̀sà

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Fadérera, Mosúnmọ́lá àti Yéwándé jọ dàgbà létí ọ̀sà ní Ìkòròdú, wọ́n sì jọ darúgbó síbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣètò pé àwọn yóò wọkọ̀ ojú omi, kí àwọn lọ lúwẹ̀ẹ́ lódìkejì ọ̀sà bíi ti ìgbà èwe.

“Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná,” ni Yéwándé máa ń wí. Bí òjò bá sì dá, àwáwí mìíràn á yọjú.

Lọ́dún kan, ọmọ Mosúnmọ́lá wá mú un lọ sí Kánádà, kò sì ní padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn méjì tó kù wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, Fadérera pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù.

“Mosún, a ti wà lórí omi o! Kí la máa bá ọ sọ fún ọ̀sà?”

“Ẹ má sọ nǹkan kan.” Mosúnmọ́lá ló dáhùn. “Ẹ gbé fóònù sún mọ́ omi.”

Fadérera na ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu ara ọkọ̀.